Okùn Láti Ara Ògiri

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń ṣe. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń kunlé ní Ilé-Ifẹ̀, láti Ìrẹmọ títí dé ìhà Modákẹ́kẹ́. Bí mo bá wọ yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, kì í ṣe ògiri. Ẹ̀kán ọ̀dà tó bá já bọ́ tààrà láti orí àkàbà máa ń rí róbótó. Èyí tí ọmọ iṣẹ́ bá fọ́n dànù nítorí pé ó ń jó sí orin inú rédíò máa ń gùn, á sì ní ìrù. Mo ti mọ èyí kí n tó mọ̀wé kà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ó ní nọ́ńbà.

Mo pẹ́ kí n tó lọ sílé ìwé. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ní kíláàsì àwọn àgbà. Ìyàwó mi ló tì mí lọ. Ó ra ìwé, ó ra bírò, ó ra rúlà onígi kan. Ó ní, "Ẹ máa lọ ní tiyín. Oúnjẹ á dúró dè yín." Ó di ọdún mẹ́rin báyìí tó ti kú fi mí sílẹ̀. Rúlà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò, onígun mẹ́ta ló sì gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Tíṣà tó ń kọ́ wa nísinsìnyí kéré sí àkọ́bí mi. Ọ̀sán Sátidé ni a máa ń pàdé. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún Iléyá dé, ó pè mí bí a ṣe ń jáde.

"Bàbá Ọlọ́dà, ẹ bá mi mú ọ̀dà pupa díẹ̀ wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ kùn, Tíṣà?"

"N kò fẹ́ kun nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe."

Obìnrin onídìrí tó máa ń jókòó níwájú mi gbé ọwọ́ lé orí. "Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Mo bu ọ̀dà pupa sínú agolo mílíìkì, mo fi omi là á, mo sì gbé e lọ. Tíṣà tẹ́ páálí funfun sílẹ̀. Ó ní kí n kán ọ̀kan sí i láti òkè. Mo kán an. Ó rí róbótó bí kọ́bọ̀. Ó gbé etí páálí sókè díẹ̀, ó ní kí n kán òmíràn. Ìyẹn rí bí ẹyin. Ó tún gbé e sókè sí i títí páálí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lóòró. Ẹ̀kán yẹn gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé òróǹbó, ìrù sì wà nídìí rẹ̀.

Tíṣà ní bí àwọn ọlọ́pàá bá rí ẹ̀jẹ̀ lára ògiri níbi tí wọ́n ti pa ẹnì kan lára, àwọn tó kọ́ irú iṣẹ́ yìí nínú wọn kì í wá ẹni tó máa jẹ́rìí ṣáájú. Rúlà ni wọ́n ń mú jáde.

"Ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó," ó wí. "Ẹ wọn bó ṣe gùn tó. Ẹ fi gígùn pín fífẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde ni saìnì igun tí ẹ̀kán náà fi bá ògiri. Ẹ̀rọ ìṣirò yín á sọ igun náà fún yín. Bí ẹ bá ti mọ igun, tí ẹ sì mọ bí ẹni náà ṣe jìnnà sí ògiri tó, onígun mẹ́ta á sọ bí ó ṣe ga tó níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbéra. Ẹ má wọn ìrù o. Ìrù kàn ń fi ibi tó dorí kọ hàn ni. Ara tó sanra nìkan ni kí ẹ wọ̀n."

Gbogbo ẹ̀kán ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ní kí n máa kán an. Tíṣà ní, "Ẹ wò ó, ọwọ́ Bàbá kò gbọ̀n rárá."

Onídìrí dá a lóhùn. "Ọlọ́run fún un lọ́wọ́, ó gbàgbé ẹnu."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo kán ọ̀dà sórí ìwé ìròyìn àtijọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń wọ̀n, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé onígun mẹ́ta náà jókòó tì mí, tó sì gbà láti bá mi sọ̀rọ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni mò ń gbé ní Ìrẹmọ. Ìyá onílé wà lókè. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ayálégbé mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀: èmi, ọlọ́kadà kan tí kò tíì níyàwó, àti télọ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ìwó ni bàbá télọ̀ ti wá. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ti ń ránṣọ níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Ògiri ọgbà dojú kọ ilé náà, àlàfo tó wà láàárín òun àti fàráńdà òkè kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Nínú oṣù yẹn kan náà ni mo kun ògiri ọgbà yìí ní funfun fún Màmá. Láràárọ̀ ló máa ń jáde sí fàráńdà láti wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Màmá ní òfin kan: àgbò Iléyá kò gbọdọ̀ kú níwájú ilé. Ẹ̀yìn ilé, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ni wọ́n ti ń pa á. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó ṣáájú, òjò sọ ẹ̀yìnkùlé di ẹrẹ̀, télọ̀ sì pa àgbò tirẹ̀ lẹ́bàá ọgbà. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri. Nítorí pé ògiri náà ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀, Màmá kàn sọ fún un pé, "Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn."

Jímọ̀ ni Iléyá ọdún yìí bọ́ sí. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní Modákẹ́kẹ́, n kò sí nílé. Nígbà tí mo fi dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹran tèmi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi àwo dé e. Nílé wa, Màmá ni ẹran Iléyá kọ́kọ́ ń lọ bá. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé télọ̀ tó fẹnu kàn án, ìyàwó télọ̀ á ti gbé odidi itan kan gòkè lọ fún un.

Ariwo ló jí wa láàárọ̀ Sátidé.

"Ta ló pa màlúù sára ògiri mi?"

A sáré jáde. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bí ogún ló wà lára funfun náà, níbi tó ga tó àyà àgbàlagbà, gbogbo wọn ti gbẹ, wọ́n ti ṣú. Télọ̀ jáde tòun ti téèpù lọ́rùn.

"Màmá, wàláhì, ẹ̀yìn ilé ni mo ti pa á. Nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Ẹ̀yìn ilé! Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló wá dìde tó fẹsẹ̀ rìn wá síwájú?"

"Ó lè jẹ́ adìyẹ, Màmá."

"Adìyẹ ta ni? Ti ọdún tó kọjá ńkọ́? Adìyẹ náà ni?"

Ọlọ́kadà rò pé òun ń ràn án lọ́wọ́ ni, ó ní, "Bọ̀dá Télọ̀, ẹ sáà bẹ Màmá. Ẹ kúkú ti ṣe é rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Màmá ní òun kò lè bá ẹni tó ń parọ́ lójú òun gbélé. Kó tó di ìparí oṣù, kí télọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò. Ó wá yíjú sí mi.

"Ọlọ́dà, bá mi kùn ún pa. Kí n tó jẹun ọ̀sán, n kò fẹ́ rí i mọ́."

Mo wo ògiri náà. Mo rí ìrù lára àwọn ẹ̀kán wọ̀nyẹn.

"Ọ̀dà funfun ti tán, Màmá," ni mo wí. "Ó di ọjọ́ Ajé."

Ìdajì ike ọ̀dà funfun wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí mo fi parọ́ yẹn. Nígbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ìyàwó télọ̀ fi ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un láràárọ̀, kó tó fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dúpẹ́, á ti yíjú padà. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, mo rí i tó ń ká aṣọ àwọn oníbàárà sínú àpò, kò sunkún. Télọ̀ ti fi okùn di ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mẹ́wàá kò ju okùn kan lọ.

Mo mú rúlà, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọgbà. Mo wọn ẹ̀kán kan: ó fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́rin, ó gùn ní ogún. Mo ṣírò rẹ̀. Igun náà kò tó dìgírì méjìlá. Mo tún ṣírò gíga. Àwọn ará ilé ti kóra jọ sẹ́yìn mi.

Ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bàbá, kí ni rúlà wí?"

"Ó ní òkè ni ẹ̀jẹ̀ ti wá."

"Òkè ibo?"

"Ó lé ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà."

Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ kọjá fàráńdà, ó kọjá páànù. "Ìyẹn ga ju òrùlé lọ! Àbí inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ti pa àgbò náà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá pàápàá di irin fàráńdà mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Télọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni tó ti nírètí díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti rúlà bọ àpò, mo bá ọ̀nà kíláàsì lọ.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, mo fi ìwé mi han Tíṣà. Kò pẹ́ tó fi rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹ̀kán yìí ní ìrù?"

"Ó ní."

"Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ ọn?"

Láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n má ka ibi tí ọ̀dà ṣàn dé mọ́ ibi tí wọ́n kùn. Èmi ni mo wá lọ wọn ìrù.

Tíṣà fi bírò yí ara ẹ̀kán tó sanra po. "Ibí nìkan. Ẹ wọn bíi mẹ́fà, ẹ má gba ti ẹyọ kan gbọ́. Ohun mìíràn tún wà. Ẹ̀kán kì í rìn tààrà bí okùn. Ilẹ̀ ń fà á, ó ń tẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Ibi tí ìṣirò bá gbé yín dé, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbéra gan-an á rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i."

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Sọ́ńdè, mo tún kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọgbà. Mo wọn mẹ́fà. Mẹ́rin ni fífẹ̀, mẹ́sàn-án ni gígùn, ọ̀kan lè fi díẹ̀ ju èkejì. Dìgírì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni àlàfo, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà méjìlá kó tó kan ògiri. Ẹ̀kán fúnra rẹ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sílẹ̀. Mẹ́rìndínlógún. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò yí padà.

Mo lọ bá télọ̀.

"Bá mi tú okùn ara ẹ̀rọ yìí."

"Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í ni."

"Tú u."

Ó tú u. Mo ní kó fi àtàǹpàkò di ojú okùn kan mú lórí ẹ̀kán tó tóbi jù, kó má kúrò níbẹ̀. Mo mú ojú kejì, mo lọ dúró nídìí àtẹ̀gùn.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ wá sókè."

"Kí lo fẹ́ wá ṣe?"

"Mo fẹ́ na okùn dé ìdí irin fàráńdà yín."

"Kí ni irin mi ṣe?"

"N kò tíì mọ̀, mà."

Ó rẹ́rìn-ín ìyangì. "Gòkè wá. O ò bá kúkú bá mi sá aṣọ sí i."

Mo gòkè. Mo na okùn títí ó fi le. Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún, ó wà ní ọ̀gangan àgbọ̀n mi. Mo rántí ohun tí Tíṣà sọ, mo sọ okùn náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi balẹ̀ sórí irin, níwájú ilẹ̀kùn Màmá gan-an. Mo fọwọ́ pa abẹ́ irin náà. Ó ń lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ni, ọ̀rá ẹran kékeré kan sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo dúró. Gbogbo ilé ń wò mí láti ìsàlẹ̀. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ló dúró tì mí yìí. Irú ọ̀rọ̀ wo ni ènìyàn fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Mo na okùn sí i.

"Màmá, ẹ bá mi dì í mú."

Ó gbà á, ó sì gbé ọwọ́ lé irin níbi tí mo fi hàn án. Okùn náà lọ tààrà láti ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé orí àtàǹpàkò télọ̀. Ó fi ojú tọ okùn náà lọ. Ó wo télọ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ irin.

"Yéè!" Ó fi ọwọ́ kejì bo ẹnu. "Itan!"

"Itan kí ni, Màmá?" Ìyàwó télọ̀ ló béèrè láti ìsàlẹ̀.

"Itan tí o gbé wá! Ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kápẹ́ẹ̀tì fún mi, mo ní kò ní ba kápẹ́ẹ̀tì mi jẹ́. Mo gbé e síbí, mo gbọ̀n ọ́n. Mo gbọ̀n ọ́n dáadáa!"

Télọ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn. Kò tíì gbé àtàǹpàkò kúrò lórí ẹ̀kán.

"Màmá, ṣé àgbò yẹn ṣì ń jà nínú itan ni?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ọlọ́kadà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó télọ̀ gbára lé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi etí ìró nu omijé. Mo rò pé ojú á ti Màmá, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló wà lójú rẹ̀. Ó ń wo ògiri ọ̀hún, ó ń fi ojú wọn bó ṣe jìnnà tó.

"Ṣé lóòótọ́ ni ọwọ́ mi gbé e dé ọ̀hún? Ọwọ́ mi yìí, tí wọ́n ní kí n má fi gbé kẹ́tùlù omi mọ́?"

Ó wọlé. Ó gbé táwẹ́ẹ̀lì kan jáde, omi ń kán lára rẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti gbá a mọ́ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lórí irin. Omi fò kọjá, ó ta sí ògiri, ó ta sí télọ̀ lójú àti lọ́rùn.

"Ó dé ibẹ̀!" Màmá ń fò sókè níbi tó dúró. "Ẹ wò ó! Ó dé ibẹ̀!"

"Ó dé ara mi náà, Màmá!" Télọ̀ ń nu ojú. "Bàbá Ọlọ́dà, dìgírì mélòó lèyí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà mi fi ń dùn mí. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Tíṣà ní kí n dúró níwájú, kí n sọ ọ́ fún kíláàsì. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ya onígun mẹ́ta náà sójú pátákó, mo sì fi ìrù tí mo wọ̀n hàn wọ́n. Onídìrí ní, "Áà! Ẹnu ti dé." Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè yẹn ni mo fẹ́ràn láti máa rántí.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó di ọwọ́ télọ̀ mú. "Ọmọ mi, má bínú. Mo pè ọ́ ní òpùrọ́, èmi ni mo gbọ̀n ẹran. Gbé ẹ̀rọ rẹ wọlé."

"Kò sí wàhálà, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ àgbò mi náà kúkú ni."

Mo wọ yàrá mi, mo gbé ike ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì jáde. Màmá wo ike náà, ó sì wò mí.

"Ọlọ́dà. Ọ̀dà tó ti tán nìyẹn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kùn ún. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí télọ̀ àti ọlọ́kadà ń fa ẹ̀rọ wọlé, mo gbọ́ tí ìyàwó télọ̀ ń tú àwọn àpò aṣọ. Nígbà tí ẹ̀kán ìkẹyìn wọlé sábẹ́ funfun, télọ̀ wá dúró tì mí, ó na ọwọ́.

"Bàbá, ẹ bá mi mú okùn mi."

"Kí lo tún fẹ́ dì?"

"Àgbò ọdún tó ń bọ̀ ni."

Màmá ti ń gun àtẹ̀gùn padà lọ. Ó dúró lórí ìgbésẹ̀ kẹta, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Bí ẹ bá ń gbé itan rẹ̀ bọ̀," ó wí, "ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé e."